Ìdí Tí Ọkọ Mi Fi Gbé Oògùn Náà Mì

Òórùn èlùbọ́ tó ti pẹ́ nínú àpò, tí òjò àkọ́rọ̀ wá rọ̀ tí ọ̀rinrin sì wọlé bá a, òórùn yẹn kì í tán nímú mi. Ibi yòówù kí n ti gbọ́ ọ, yàrá kan ní Ṣàngó, ní Ìlọrin, ni ọkàn mi máa ń sáré lọ. Yàrá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ibùsùn onírin kan wà níbẹ̀ tó máa ń han gooro bí ènìyàn bá yíra padà, àpótí aṣọ tí wọ́n tò lérí ara wọn, ìkòkò omi tó jókòó sórí iyanrìn ní kọ̀rọ̀, àti àpò èlùbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá wa ló máa ń fi èlùbọ́ náà ránṣẹ́ láti Ọ̀mù-Àrán. Wọn kò gbà pé èlùbọ́ wà ní Ìlọrin. A sọ ọ́ títí pé èlùbọ́ kún ọjà Ipata fọ́fọ́, wọ́n ní ta ló mọ irú iṣu tí wọ́n fi ṣe é.

Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí wọ́n gbé mi sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nígboro. Ìlọrin ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń rọ́ wọlé láti ọ̀tún àti òsì, yàrá sì wọ́n bí ojú. Ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ọkọ wọn wà ní Kàdúná níbi kọ́ọ̀sì kan tí kò tán bọ̀rọ̀, èmi náà bá kẹ́rù mi wọlé tì wọ́n. Ìyá onílé wa jẹ́ ọmọ bíbí Ìlọrin, àgbàlagbà Mùsùlùmí tó ti lọ Mẹ́kà. A ń kọrin ìsìn wa láàárọ̀, àwọn náà ń kírun tiwọn, kò sì sí ẹni tí ohùn ẹnì kejì dí lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kì í fẹ́ ni kí ènìyàn kí wọn ní ìdúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọkọ mi ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, kò sí ọmọkùnrin kékeré tí kì í ṣe ọkọ ẹnì kan, àmọ́ èyí gbà á lóòótọ́. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, òun ló ń gba báàgì mi, á sì máa wọ́ ọ nílẹ̀ títí wọ yàrá. Bí wọ́n bá fún un lẹ́ran, á já díẹ̀ sílẹ̀, á fi pamọ́ sínú àpò ṣòkòtò dè mí, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ lójú rẹ̀, tòun ti ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin olùkọ́ kan tẹ̀lé mi délé lọ́jọ́ kan láti wá gba ìwé, ọkọ mi jókòó sáàárín wa, kò sì dìde títí ọ̀gbẹ́ni náà fi lọ. Ìyá onílé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àpò èlùbọ́ yẹn ló pe èkúté wọlé. Wọ́n lu àpò jára, wọ́n ń da èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ káàkiri gbogbo ilẹ̀ yàrá. Ẹ̀gbọ́n mi bá lọ ra oògùn èkúté lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń kiri rẹ̀ ní Ọ̀fà Garage, tó so òkú èkúté rọ̀ sórí igi kí gbogbo ayé lè rí i pé ọjà òun ń ṣiṣẹ́. Wọ́n po oògùn náà mọ́ ẹja díndín. Kí wọ́n tó gbé e sẹ́yìn àpò, wọ́n pe ọkọ mi, wọ́n fà á létí díẹ̀, wọ́n ní, “Wò ó dáadáa. Oògùn nìyí. Ẹni tó bá fi kan ẹnu, kíkú ló máa kú.” Ọkọ mi ní òun ti gbọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a bá èkúté ńlá kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọnrangandan. Òùngbẹ ló gbé e débẹ̀. Ọkọ mi lóṣòó tì í, ó ń wo eyín rẹ̀, ó bi màmá rẹ̀ léèrè pé kí ló ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ìgbálẹ̀, ọ́fíìsì ń dúró dè wọ́n, wọn kò ro ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní oògùn ló jẹ, olè ni, ó ń jí nǹkan wa jẹ. A gbá òkú èkúté síta, a fi omi fọ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán lọ́dọ̀ tiwa.

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí ibà mú ọkọ mi. Ọjọ́ tí a gba ọlidé ni. Mo wọ àgbàlá, kò sí ẹni tó sáré wá gba báàgì, mo ti mọ̀ pé nǹkan wà ńbẹ̀. Orí ibùsùn ni mo bá a, ara rẹ̀ ń gbóná janjan, ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ bí ẹni tí wọ́n yọ nínú odò. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kò sunkún. Ó kàn di ìka mi mú ni, ó tẹjú mọ́ ògiri. Nọ́ọ̀sì yìn ín pé akọni ọmọ ni, wọ́n di hóró oògùn ibà sínú bébà funfun fún wa, wọ́n sì kìlọ̀ pé a gbọ́dọ̀ rí i pé ó lò ó tán. Wọ́n ní bí kò bá lò ó tán, ibà yẹn á padà wá, ó sì lè mú gìrì dání.

Ó yẹ kí n sọ èyí kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ọkọ mi kọ́ ni àkọ́bí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọbìnrin kan ti wà ṣáájú rẹ̀. Ibà ló mú òun náà, gìrì tẹ̀lé e, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ikú ti gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í dárúkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dá a láṣà láti dárúkọ rẹ̀ lójú wọn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe gìrì, ẹ̀gbọ́n mi fa ọmọ náà mọ́ra. Wọ́n gba oògùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì yára jáde.

A délé, ẹ̀gbọ́n mi tú bébà, wọ́n ní kí ọmọ yanu. Ó pa ẹnu dé. Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tan án, wọ́n fi bàbá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Kàdúná tan án, nígbà tó yá wọ́n mú pàṣán. Ó wo pàṣán, ó tẹ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ fún un, àmọ́ kò yanu. Àwa rò pé kíkorò rẹ̀ ni. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀? Oògùn ibà ayé ìgbà yẹn, bó bá ṣèèṣì kan ahọ́n, ènìyàn ò ní mọ adùn oúnjẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú. A bu ṣúgà sí i, a bu oyin sí i, ó ń mi orí.

Ìyá onílé gbọ́ ariwo, wọ́n wọlé tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n ní ká lọ̀ ọ́ kúnná, ká fi omi pò ó, àwọn á rọ ọ́. Ẹ̀yin tí wọ́n rọ lágbo rí ní kékeré mọ ohun tí mò ń wí. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á ká àtẹ́lẹwọ́ sẹ́nu rẹ̀, wọ́n á da àgbo sínú ọwọ́ náà, ọmọ tó bá fẹ́ mí á kọ́kọ́ gbé e mì ná. Ọwọ́ ìyá onílé já fáfá nídìí iṣẹ́ yìí, wọ́n ti rọ ọmọ, wọ́n ti rọ ọmọ ọmọ. Àmọ́ ọkọ mi kọ̀, kò mí. Ó sé èémí mọ́nú títí ojú rẹ̀ fi ń yí padà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sáré gbé e nàró. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, “Wàláhì, oríkunkun kọ́ lèyí. Ẹ̀rù ló ń ba ọmọ yìí.” Àwa méjèèjì gbọ́, ṣùgbọ́n a ò fi ọkàn sí i.

Ìyá onílé náà ló tún lọ ra wàrà. Kò sí ohun tí ọkọ mi fẹ́ràn tó wàrà láyé. Bí obìnrin Fúlàní tó ń kiri rẹ̀ bá ti kọjá pẹ̀lú igbá lórí, ọkọ mi á máa bá a lọ, àfi ká sáré lọ mú un bọ̀. A dín wàrà náà, a là á díẹ̀ nínú, a ki hóró oògùn bọ̀ ọ́, a sì pa á dé. Nígbà tí òórùn rẹ̀ kan ọmọ nímú, ó dìde jókòó, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ó gbà á. Kò jù ú sẹ́nu bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi ìka ya á sí méjì, ó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Kò pariwo. Ó rọra dá wàrà padà sínú abọ́, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó wá gbójú sókè wo màmá rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n nà, mo ti rí èyí tí wọ́n já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò tíì rí ọmọ tó wo ìyá rẹ̀ báyẹn. Láti ìgbà náà ló ti kọ gbogbo nǹkan. A po ẹ̀kọ fún un, ó kọ̀ ọ́. A bó ọsàn lójú rẹ̀, ó kọ̀ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń kọ omi, ara rẹ̀ sì tún ti ń gbóná bọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ń lọ sí Ọ̀fà Garage, láti wá awakọ̀ ọmọ ìlú wa kan tó ń ná ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán, kó bá wọn sọ fún ìyá wa pé kí wọ́n máa bọ̀. Bí àwọn bá dé, a ó tún gbé ọmọ padà sílé ìwòsàn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbòòrùn. Wọ́n ní, “Má jẹ́ kó sùn jù. Bí o bá rí i tí ojú rẹ̀ ń yí, pe ìyá onílé.” Wọ́n bá bọ́ sínú òjò.

Ó wá ku èmi àti ọkọ mi. Òjò ń lu páànù lórí wa, yàrá ń rùn fún èlùbọ́ àti róbù tí a fi pa á láyà. Mo jókòó sórí ẹní, òun dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn, ojú rẹ̀ wà lára mi. Ó pè mí.

“Àǹtí.”

“Ọkọ mi.”

“Èmi ni mo jẹ ẹja inú ìṣasùn. Kì í ṣe ológbò.”

Èmi ò tilẹ̀ rántí ẹja kankan. Mo ní kò burú, ẹja ti tán. Ó mi orí pé ọ̀rọ̀ òun kò tíì tán. Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. “Mi ò ní jalè mọ́. Ẹ bá mi bẹ Màmá kí wọ́n má fún mi ní oògùn.”

Gbogbo rẹ̀ wá tò níwájú mi lẹ́ẹ̀kan náà: ẹja díndín tí wọ́n po oògùn mọ́ àti wàrà tí a ki oògùn bọ̀, èkúté tó na ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi àti kọ́ọ̀bù omi tí à ń nà sí i, olè tó ń jí nǹkan wa jẹ. Abẹ́rẹ́ kò bà á lẹ́rù, torí kò sí ẹni tó pe abẹ́rẹ́ ní oògùn létí rẹ̀. Láti àná ni ọmọ yìí ti gbà pé a fẹ́ pa òun torí ẹja, kò sì bú wa, kò gbá wa lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Mo gbé e lé itan, mo sunkún. Mo sunkún débi pé òun ló wá ń fi ọwọ́ nu ojú mi.

Mo sọ fún un pé ti èkúté lọ́tọ̀, tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí, “Ṣé oògùn kọ́ ni?” Mo ní oògùn ni, àmọ́ oògùn ibà. Ó rọra yí ojú sí ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ènìyàn fẹ́ sọ? Ohun tó ń wo ibà, oògùn là ń pè é. Ohun tó ń pa èkúté, oògùn náà ni. Bí ẹnì kan bá kú lójijì, wọ́n á ní oògùn ni wọ́n ṣe sí i. Bí ara ẹlòmíràn bá yá, wọ́n á ní oògùn yẹn mà jẹ́ o. Àwa àgbà mọ èyí tí à ń wí láìjẹ́ pé ẹnì kan là á fún wa. Olùkọ́ ni mí, iṣẹ́ mi ni láti máa la ọ̀rọ̀ fún ọmọdé, síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn mi ò rí ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà là á.

Mo bá rántí pé hóró oògùn ibà kan wà nínú àpótí mi, irú tirẹ̀ gan-an, tó ṣẹ́ kù láti ilé ẹ̀kọ́. Ó sì ní ìdí tó fi ṣẹ́ kù. Ara mi ò gba oògùn ibà rárá, bí mo bá ti lò ó, gbogbo ara ló máa ń yún mi. Ẹ̀yin tó ń yún mọ̀ ọ́n, ẹ má bi mí. Kì í ṣe irú yíyún ti ẹ̀fọn, tí èékánná lè débẹ̀. Inú awọ lọ́hùn-ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àárín orí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, àgbo dógóyárò ni mò ń mu, mo sì ti búra pé oògùn yẹn kò ní wọ ọ̀fun mi mọ́. Mo wo ọmọ tó kọjú sí ògiri, mo ṣí àpótí.

Mo ní, “Ọkọ mi, wò mí.” Ó yíjú padà. Mo fi oògùn náà hàn án, mo ní kó wò ó bóyá kì í ṣe irú tirẹ̀. Ó ní òun ni. Mo bu omi nínú ìkòkò, mo gbé e mì, mo yanu kí ó rí i pé kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́. Mo ní kó jókòó kó máa wò mí, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé kò ní ṣe mí ní nǹkan kan. Ó jókòó lóòótọ́. Ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra lórí ibùsùn, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ àyà, kò sì mú ojú kúrò lára mi.

Fún ìgbà díẹ̀ kò sí nǹkan. Mo ti ń rò pé bóyá ara ti ń gbà á báyìí. Àfi bí yíyún ṣe bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gun àtẹ́lẹwọ́, ó gba ẹ̀yìn, ó dé orí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá fi ìka kan ṣoṣo họra, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn, ọmọ á ní oògùn ti mú mi, kò sì ní gbé e mì títí ayé. Mo bá ń rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ orin ilé ìwé, mo sì ń pàtẹ́wọ́ sí i, torí pípàtẹ́wọ́ náà ń tu ọwọ́ mi lára. Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ wá nǹkan lẹ́bàá ògiri, mo fara ti ibẹ̀, mo rọra fi ẹ̀yìn ra á. Nígbà tí kò ṣe é mú mọ́ra mọ́, mo ní mò ń lọ dá omi nù.

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni mo sá lọ. Ṣùkù àgbàdo wà níbẹ̀ tí wọ́n kó jọ fún dídáná, mo mú ọ̀kan, mo tì í bọ abẹ́ bùbá, mo họra bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ìyá onílé wà níbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tùlù, wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n dúró, omi ń dà sílẹ̀. Wọ́n ní ìyàwó, ṣé kò sí o? Mo ṣàlàyé fún wọn wéréwéré, ṣùkù kò kúrò lẹ́yìn mi. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ṣùkù náà lọ́wọ́ mi, wọ́n bá mi họ ibi tí ọwọ́ mi ò dé, wọ́n ní, “Padà sọ́dọ̀ rẹ̀, fara dà á. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i.”

Mo nu ojú mi, mo wọlé. Ọkọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó dúró láàárín yàrá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Àǹtí, ẹ fún mi ní tèmi.”

Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fẹ́ là á sí méjì fún un, àmọ́ ó gbà á lódindi, ó fi sẹ́nu, ó sì rún un. Ẹ ò rí ojú rẹ̀! Omi ń dà lójú, imú ń yọ, gbogbo ojú fún pọ̀, kò tu ú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba kọ́ọ̀bù, ó mu omi náà gbẹ. Lẹ́yìn náà ó wá sórí ẹní, ó dùbúlẹ̀ tì mí, ó fi etí ìró mi wé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ṣé Màmá máa rí wa bí wọ́n bá dé?” Mo ní wọ́n á rí wa, ibi tí a wà náà ni wọ́n máa bá wa. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó di ojú, oorun sì gbé e lọ, nígbà náà ni mo tó ráyè họra.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe dé tí wọ́n rí àwa méjèèjì nílẹ̀, agbòòrùn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo sáré gbé ìka sẹ́nu. Mo ní ó ti mu ún, òun fúnra rẹ̀ ló sì bèèrè fún un. Wọ́n fi aṣọ tútù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, òógùn ti ń bọ́ níbẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n sì dárúkọ ọmọbìnrin yẹn, èyí tó lọ, bí ẹni tó ń pè é wá wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn nìyẹn láti ìgbà tó ti kú. Ariwo ẹkún náà jí ọkọ mi. Ó wo àjà, ó wo ìkòkò omi, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan ojú màmá rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ wàrà.

Ìyá onílé pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tó tún pe nǹkan náà ní oògùn nínú ilé àwọn. Wọ́n ní àlàáfíà ni orúkọ rẹ̀ láti òní lọ. Bí àkókò bá ti tó, a ó ní, “Ó yá, wá gba àlàáfíà rẹ,” ọmọ á wá, á yanu. Ìyá wa dé láti Ọ̀mù-Àrán pẹ̀lú àpò èlùbọ́ mìíràn, ọkọ mi ti ń sáré kiri àgbàlá, kò sì pẹ́ tó fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba báàgì lọ́wọ́ mi.

Èmi náà wá sọ ara mi di ọlọ́gbọ́n. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, kò sí ìyá ọmọ tí mi ò sọ ọ́ fún, kò sí olùkọ́ kékeré tí mi ò fi kọ́. Mo ń sọ pé ẹ má fi pàṣán lé ẹ̀rù jáde lára ọmọ, ẹ fi ara yín ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ á rí i pé kò sí ewu, ẹ̀rù á sì lọ. Mo ń gbé àyà sókè bí mo bá ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà dára, mi ò sì kó o jẹ títí di òní.

Àmọ́ ní àìpẹ́ yìí, mo wà nílé ọkọ mi. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó ti di bàbá ọmọ, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré sì ń bá ìyá rẹ̀ fa wàhálà lórí oògùn ikọ́. Mo bá tún na ìtàn mi jáde, mo sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo àti gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìdáná. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi.

Ó ní, “Àǹtí, mo rí yín o. Mo rí yín tí ẹ ń fi ẹ̀yìn ra ògiri. Mo rí ẹsẹ̀ yín tó ń gbọ̀n lábẹ́ ìró. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lẹ́yìn ilé. Mo mọ̀ pé oògùn ti mú yín, pé ẹ ti ń kú lọ.”

Mo ní kí ló wá dé tó fi mu tirẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà ya òun lẹ́nu. “Ẹ ti mu tiyín. Mi ò fẹ́ kí ẹ dá lọ.”

Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń sọ kiri pé mo lé ẹ̀rù kúrò lára ọmọ kan, ẹ̀rù náà kò sì kúrò níbì kankan. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ó fi dúró láàárín yàrá. Pẹ̀lú rẹ̀ ni ó fi rún oògùn náà, tó fi wé ìró mi mọ́ ọwọ́, tó fi bi mí bóyá màmá òun á rí wa. Èmi rò pé mo ń ṣe akin fún un ni, èmi tí mo kàn ń yún. Òun ni kò ní ju ọmọ ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ, tó rò pé ikú ni, tó sì na ọwọ́ pé kí wọ́n fún òun ní tòun.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ó já díẹ̀ nínú ẹran rẹ̀, ó fi sí abọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́. Mo ṣì ń pè é ní ọkọ mi títí di òní. Àwọn ará ilé máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín mọ́.